Abẹ́òkúta nígbà ọyẹ́: mo gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ gun Olúmọ

Fúráìdé, Èkó sí Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọyẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n tó sọ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo gbé dání, torí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń gbé, mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí páálí, eré ìdárayá ni o, a kì í yin ẹran, a kì í yin ẹyẹ. Tó bá ti di ọ̀nà jíjìn, bíi yáàdì 500 sókè, gbogbo wa la máa ń lo áàpù orí fóònù tó ń ṣírò ibi tí ọta máa bà. Wàá sọ fún un bí ọta ṣe wúwo tó, bó ṣe ń sáré tó nígbà tó ń kúrò lẹ́nu ìbọn, bí páálí ṣe jìnnà tó, bí ooru ṣe mú tó, òun náà á wá ní kó o gbé e sókè báyìí, kó o tì í sọ́tùn-ún báyìí. Ti òkè yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Ti ẹ̀gbẹ́ ni wàhálà, torí afẹ́fẹ́ ló ni ẹ̀gbẹ́, áàpù ò sì mọ afẹ́fẹ́ kankan yàtọ̀ sí èyí tó o bá fẹnu ara ẹ sọ fún un. Tó o bá ní afẹ́fẹ́ ń sáré máìlì 10 ní wákàtí kan, 10 náà láá fi ṣírò fún ẹ, kódà kó jẹ́ pé 4 ló ń fẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní tí n bá délé lọ́tẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ lọ máa wò. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ mi rárá, ẹ jọ̀ọ́. Òfin ìbọn ilẹ̀ yìí ti wà láti 1959, kò gba kí èèyàn kàn gbé ìbọn wọlé láìgba ìwé àṣẹ, ẹ má dán an wò. Kestrel kékeré kan ni mo gbé, ẹ̀rọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní fáànù bíńtín lórí, tí afẹ́fẹ́ bá yí fáànù yẹn á kọ nọ́ńbà jáde.

Bẹ́gà ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì, ₦4,000, a gba ẹspẹ́rẹ́ẹ̀sì dé Ṣágámù, a wá yà sí ọ̀nà Síún. Àwọn kan máa ń gba Sángo àti Ifọ̀ àmọ́ èmi ò gba ibẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn mi ò gbé e. Kò pẹ́ tá a kọjá Síún ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó wo táyà, ó wo wa, ó ní ẹ má bínú, jáàkì ò sí. Ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì létí títì ló gbé bẹ́ǹṣì jáde fún àwọn àgbà inú wa, ó tún rán ọmọ ẹ̀ lọ yá jáàkì lọ́dọ̀ fọkanáísà, kò gbowó kankan. Mo ra bọ̀ọ̀lì méjì lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà, ₦800, ó tún fi ẹ̀kẹta ṣe ènì fún mi.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ jáde. Ìdúró jẹ́ẹ́, 3 ni mo rí, ìyẹn máìlì mẹ́ta ní wákàtí kan. Tírélà bá já kọjá, ó di 14, eruku bo gbogbo wa, kí n tó nu ojú ó ti padà sí 3. Bí ẹni tó fẹ́ kọ nọ́ńbà afẹ́fẹ́ sínú áàpù bá wò ó nígbà tí tírélà ń kọjá, kí ló fẹ́ kọ?

Nígbà tá a máa fi súnmọ́ Kóbápẹ́, wọ́n dá mọ́tò dúró, ọ̀gá kan tú báàgì mi, ó di Kestrel mú lókè. "Kí lèyí?" Mo ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni sà. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ fi í ṣeré. Ó ní kí n fẹ́ ẹ kóun rí i. Mo fẹnu fẹ́ ẹ, 9. Òun náà gbà á, ó fẹ́ ẹ, 12. Inú ẹ̀ dùn gan-an, ó ní ká máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa gbé irú ẹ̀ dání, ẹ jẹ́ kó wà lókè báàgì, ẹ má fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀, ohun tó bá pamọ́ ló máa ń fa ìbéèrè.

Sátidé, Olúmọ

Mo tètè jí, ọyẹ́ mú, kùrukùru eruku bo gbogbo ìlú débi pé láti ojúlé wa ní Ìjàyè mi ò rí òkè kankan. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ìdí àpáta, ₦400. Ẹ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà tó ní rọ́bà nísàlẹ̀, ibì kan wà lọ́nà tó yọ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń wọn afẹ́fẹ́ bí mo ṣe ń gùn. Ní ìsàlẹ̀, láàárín àwọn ilé, kò kọjá 2. Ní ìdajì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wọ́n ní àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, kò sí afẹ́fẹ́ rárá, fáànù ò yí. Mo dé orí, ẹ̀rọ ń fò láti 9 sí 16, kò dúró síbì kan. Àpáta kan náà, aago kan náà. Ẹ sì wò ó o, wọ́n ní orí Olúmọ ò ju mítà 137 lọ sókè ìtẹ́jú òkun. Afẹ́fẹ́ tó bá pàdé òkè á fún ara ẹ̀ pọ̀, á sáré gba orí ẹ̀ kọjá, nígbà tí ìsàlẹ̀ pa rọ́rọ́. Ẹni tó bá dúró sórí òkè tó wọn afẹ́fẹ́, tó wá fi nọ́ńbà yẹn ṣírò fún ọta tó máa gba inú àfonífojì kọjá, ó ti parọ́ fún áàpù.

Nǹkan kejì tí mo wò lókè ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi tẹ̀ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pressure. Ó fi bíi hPa 16 (hectopascal, òun ni wọ́n fi ń wọn pressure) dín sí ti etí òkun. Áàpù máa ń béèrè èyí, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì lọ ṣí ojú ọjọ́ lórí fóònù, wọ́n á da nọ́ńbà ibẹ̀ kọ. Àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ti sún nọ́ńbà yẹn bíi pé etí òkun lo wà, kì í ṣe ti ibi tí o dúró sí gan-an. Ní Abẹ́òkúta ìyàtọ̀ ẹ̀ kò tó nǹkan. Ní Jọ́ọ̀sì, á pọ̀. Ti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ní tiẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú, ọyẹ́ o, òjò o, ìyàtọ̀ tó ń mú wá kéré débi pé páálí ò ní mọ̀.

Àwọn ọmọge mẹ́rin kan wà lókè tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó, afẹ́fẹ́ sì kọ̀ fún wọn. Ìborùn ọ̀kan ń fẹ́ lọ tààrà, ó fi bíi dìgírì 60 kúrò lára ẹ̀. Mo bá rántí ìṣirò àwọn ṣọ́jà àtijọ́: wo bí àsíá ṣe gbé ara ẹ̀ kúrò lára òpó, dìgírì tó bá jẹ́, fi 4 pín in, máìlì lo máa rí. 60 pín sí 4, 15 nìyẹn. Mo yọ Kestrel, 14 ló kọ. Mo pariwo "ẹ wò ó!" Àwọn ọmọge yẹn rò pé orí mi ò pé. Mo bá wọn di gèlè ìyàwó mú títí wọ́n fi ya fọ́tò tán, wọ́n sì fún mi ní páọ̀fù.

Oúnjẹ ọ̀sán, ibi oníláfún kan nísàlẹ̀ Ìtòkú, làfún funfun, ewédú, ẹja yíyan kan, ₦2,200. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tó ń sọ pé àmàlà dúdú nìkan ló wà láyé, mi ò bá yín jà, ẹ ṣáà máa bọ̀ wá jẹ ẹ́.

Mo wọ ọjà àdìrẹ. Kì í ṣe aṣọ ni mo wá rà o, àwẹ́kù aṣọ ni mo ń wá, mo fẹ́ fi ṣe àsíá. Ní Bisley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ayìnbọn ti ń pàdé láti 1890, àsíá ló kún pápá láti ẹsẹ̀ ayìnbọn dé ìdí páálí, torí pé ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ẹ, afẹ́fẹ́ ibi tí o dúró nìkan ló mọ̀. Mo ṣàlàyé fún ìyá aláàdìrẹ kan, ó gbọ́ ọ parí, ó ní "ọmọ mi, ṣé afẹ́fẹ́ lo fẹ́ dá aṣọ fún?" Ó kó àwẹ́kù elélùú kún ọ̀rá kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú tì mí, mo bá ra ọ̀pá márùn-ún lọ́wọ́ ẹ̀. Ó pè é ní ₦9,000, mo gbà á ní ₦7,000. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má gba iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè, àwọn náà ò retí kẹ́ ẹ gbà á.

Sọ́ńdè, Láfénwá

Ṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹsì ọ̀fadà pẹ̀lú ata dúdú nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, oorun. Nírọ̀lẹ́ mo lọ dúró létí odò Ògùn ní Láfénwá, mi ò yọ ẹ̀rọ, ojú ni mo lò. Ọkùnrin ojú omi kan, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó wà nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, Francis Beaufort, ló to ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan kalẹ̀ ní 1805 fún ìgbòkun ọkọ̀, nígbà tó yá wọ́n fi àmì orí ilẹ̀ kún un. Tí o bá mọ̀ ọ́n lára pé afẹ́fẹ́ ń kàn ẹ́ lójú, tí ewé ń dún, 4 sí 7 ni. Tí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bá ń mì láìsinmi, 8 sí 12. Tí eruku àti bébà bá ń gbéra nílẹ̀, 13 sí 18. Mo fi wo èéfín alákàrà, mo fi wo aṣọ tí wọ́n sá, mo fi wo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ gbọ́, èéfín alákàrà ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àwọn aṣọ tó wà létí omi gan-an sì ń fẹ́ tẹ̀lé odò. Kò jìnnà sí ara wọn o.

Mọ́ńdè, oko lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá

Ọjọ́ yìí ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọdẹ ni, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Bàbá Ọdẹ, wọ́n ní ilẹ̀ kan tí wọ́n ti wu ẹ̀gẹ́ ẹ̀ tán, ó tẹ́, ó sì gùn. Ọ̀kadà láti Àsẹ́rò dé ibẹ̀, ₦1,500, eruku pupa kún imú mi. Ẹ mú ìbòmú dání.

A gún ọ̀pá sílẹ̀ ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ títí dé 500, a so àwẹ́kù àdìrẹ mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró síbẹ̀rẹ̀, mo kọjú sí àríwá. Ọyẹ́ máa ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá, láti aginjù Sàhárà lọ́hùn-ún, nítorí náà ó ń bọ̀ lára ejìká ọ̀tún mi láti iwájú. Kestrel ní 8.

Ohun àkọ́kọ́ tí áàpù máa bi ẹ́ ni pé apá ibo ló ti ń bọ̀. Bí aago la ṣe ń sọ ọ́. Iwájú ẹ ni 12, ọwọ́ ọ̀tún ẹ tààrà ni 3. Afẹ́fẹ́ tó bá ti 3 tàbí 9 wá, gbogbo agbára ẹ̀ ló fi ń ti ọta. Èyí tó bá ti 12 tàbí 6 wá ò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá wà ní 1, ìdajì. Tèmi tó wà láàárín 1 àti 2, bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Nítorí náà 8 mi yẹn, 5.6 péré ló wúlò.

Bàbá Ọdẹ ń wò mí. Wọ́n béèrè pé kí ni ọta máa wá fi afẹ́fẹ́ ṣe, ṣebí ọta ń sáré. Mo ní bàbá, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ẹ mú ọta .308 (ìyẹn bó ṣe fẹ̀ tó ní ínǹṣì), èyí tó wúwo tó grains 175, bíi gíráàmù 11, tó ń fi ẹsẹ̀ bàtà 2,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kúrò lẹ́nu ìbọn. Ká ní kò sí ohun tó ń fà á sẹ́yìn, kò ní lò ju ìṣẹ́jú àáyá 1.15 lọ kó tó dé yáàdì 1,000. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ń fà á, á lò tó 1.65. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó fi pẹ́ yẹn, òun ni afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ń jẹ. Afẹ́fẹ́ 10 máa ń rin ẹsẹ̀ bàtà 14 ààbọ̀ àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdajì ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méje lé díẹ̀. Ibi tí ọta máa fi yẹ̀ nìyẹn, ó ju èèyàn tó nàró lọ. Ará Faransé kan, Didion, ló fi ìṣirò yìí sílẹ̀ láyé ọjọ́un, títí di òní ó ṣì ń súnmọ́ ohun tí àwọn áàpù tá à ń pariwo ń sọ.

Ìdí nìyẹn tí ọta .22, ọta kékeré yẹn, fi máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Èyí tó ń sáré ju ìró lọ máa ń yẹ̀ ní yáàdì 100 ju èyí tó lọ́ra díẹ̀ lọ. Ẹ ò ṣì í kà. Èyí tó ń sáré yẹn, afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn gan-an bó ṣe ń súnmọ́ eré ìró, ó ń pàdánù àkókò púpọ̀ ju ìkejì ẹ̀ lọ. Pípẹ́ tó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ló ń bà á jẹ́.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní ṣakabùlà tàwọn, ogójì ìṣísẹ̀ làwọn fi ń yìn ín. "Tí mo bá ti ní láti máa ro afẹ́fẹ́ fún ọta, mo ti jìnnà jù nìyẹn." Wọ́n ní imú ẹran làwọn ń ro afẹ́fẹ́ fún. Wọ́n tú ọ̀rá kékeré kan, eérú ló wà ńbẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ jù sókè, àwa méjèèjì ń wo ibi tó ń lọ. Wọ́n bi mí: "Ṣé fóònù ẹ yẹn ń gbóòórùn?" Mo ní rárá bàbá.

Ẹ wá wo àwọn àsíá. 100 àti 200 ń fẹ́ dáadáa láti ọ̀tún, bí Kestrel ṣe wí. 300 wà níbi tí àwọn ọ̀pẹ ti yàgò, ibẹ̀ ń fẹ́ jù, ó na aṣọ gbọọrọ. 400 wà lẹ́yìn igi tíìkì tí aládùúgbò wọn gbìn, àsíá ibẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀, nígbà mìíràn á tiẹ̀ yí padà sí ọ̀tún. 500, ó ń ṣe bó ṣe wù ú. Afẹ́fẹ́ mẹ́rin lórí ilẹ̀ kan, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo sì ní láti kọ.

Èwo ló ṣe pàtàkì jù? Tí gbogbo ẹ̀ bá dọ́gba, ti tòsí ẹ ni. Ọ̀kadà tó bá ṣìnà yà ní Pánṣẹ́kẹ́, tó bá fi máa dé Kútò ó ti sọnù, àmọ́ èyí tó ṣìnà yà lẹ́bàá Kútò, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ibi tó ń lọ. Ọta tí afẹ́fẹ́ bá ti dà láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láá ṣe máa yà lọ títí dé páálí. Àwọn áàpù kan gbà kó o pín ọ̀nà sí apá mẹ́ta, kó o fún ìkọ̀ọ̀kan ní afẹ́fẹ́ tiẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ìrò ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jẹ́.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí, mo rò pé òun ló bọ́gbọ́n mu jù: mi ò kọ nọ́ńbà kan mọ́. Mo wo àwọn àsíá fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo bi ara mi pé tó bá rọ̀ jù, kí ni, tó bá le jù, kí ni. 3 sí 7 ni mo rí fún gbogbo ọ̀nà yẹn. Mo fún áàpù ní 3, ó ní ínǹṣì mẹ́fà ní yáàdì 500. Mo fún un ní 7, ó ní 13. Ọta mi máa wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí páálí bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, màá fojú sun àárín, màá yìn. Tí kò bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, màá dúró dìgbà tí àwọn àsíá bá padà sí bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Ẹ rántí pé yáàdì 1,000 kì í ṣe ìlọ́po méjì 500 nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Afẹ́fẹ́ 10 tó ń ti ọta yẹn ní ínǹṣì bíi 19 ní 500, ṣebí a ti rí ẹsẹ̀ bàtà méje ẹ̀ lókè yẹn.

Ewúrẹ́ wá ní bí aago mọ́kànlá, ó jẹ àsíá 200. A lé e, ó sá lọ pẹ̀lú àdìrẹ lẹ́nu.

Nígbà tí oòrùn gòkè, Bàbá ní kí n wo ilẹ̀ wàyí, pé oòrùn ló ń jí afẹ́fẹ́. Mo gbé awò tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ooru ti ń jó lórí ilẹ̀, gbogbo nǹkan ń gbọ̀n bí ẹni ń wò ó nínú omi. Èyí gan-an wúlò ju Kestrel lọ. Tó bá ń jó lọ sókè tààrà, kò sí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́, ìgbà tó máa ń yí apá padà sì nìyẹn, ẹ má yìn. Tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ ń rí apá tó ń lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá máìlì 12, ooru yẹn á sùn bẹẹrẹ, ẹ ò ní lè mọ 13 yàtọ̀ sí 18 mọ́. Ẹ má fi ojú awò sórí páálí gan-an, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí ooru tó wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀: tí àwọn ìlà inú ihò ìbọn yín, tó ń mú ọta yí, bá yí sọ́tùn-ún, afẹ́fẹ́ tó ti ọ̀tún wá á gbé ọta sókè díẹ̀, èyí tó ti òsì wá á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Áàpù tó dáa ń kà á mọ́ ọn, ẹ yẹ tiyín wò.

A jẹ iṣu sísun àti epo lábẹ́ igi. Bàbá ò jẹ́ kí n san owó ọ̀kadà padà, wọ́n ní kí ọmọ àwọn gbé mi dé títì. Mo fi àwọn àsíá tó kù sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ní àwọn á fi lé ẹyẹ.

Túsìdeè, Kútò sí Èkó

Ọkọ̀ Kútò, ₦4,000, kò sí táyà tó bẹ́. Ẹ tètè dé gáréèjì, kó tó di aago méje ọkọ̀ máa ń kún kíá, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa jókòó títí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ síbi àwọn ọdẹ Ọ̀dẹ̀dá bíi tèmi, ẹ wá ẹni tó mọ̀ wọ́n mú dání, ẹ ra obì àti ọtí, ẹ má kàn já wọ igbó ẹni tó ń dẹ ẹ́. Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní ni ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn. Tẹ́ ẹ bá lọ nígbà òjò, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn láá ti máa wá, ẹ ó ní láti yí gbogbo àsíá yín wò láti ọwọ́ kejì. Bátìrì Kestrel tó wà lọ́wọ́ mi, AA ni, wọ́n ń tà á ní Pánṣẹ́kẹ́, àmọ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tà á.